Ìlù Nínú Ilé Ọlọ́run



Ẹ ń bi mí bí akọrin ìjọ ṣe ń tẹ̀lé eré orí ìtàgé kiri. Ọmọ katikíìsì ni Dúró Ládípọ̀. Ó ṣe tíṣà ní Kàdúná níhìn-ín rí. Ní Àjíǹde 1961 ó gbé ìlù ilẹ̀ wa wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo. Àwọn kan bínú, ó sì kó orin rẹ̀ jáde. Ìyẹn ni Ọba Kò So fi dé Berlin ní 1964! Ìjọ ni ó pàdánù.

Ọmọ tèmi náà, nítorí gángan ni wọ́n ṣe yọ ọ́ kúrò lára akọrin. Kò wá sí ìsìn mọ́. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.