Bí A Bá Fẹ́ Ra Ààrò Tuntun: Ibo Ni Èéfín Rẹ̀ Ń Gbà Jáde?

Ọ̀rọ̀ ìlera tí a gbé dání lónìí kò jìnnà sí wa rárá. Inú ilé ìdáná ló wà. Ọ̀rọ̀ ààrò ni.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ronú báyìí láti fi ààrò olókùúta mẹ́ta sílẹ̀, kí wọ́n ra ọ̀kan nínú àwọn ààrò tuntun tí wọ́n ń pè ní foyer amélioré lédè Faransé. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ìbéèrè kan ṣoṣo la máa ń bi í: "Ṣé kì í jẹ igi púpọ̀?" Á ní kì í jẹ igi, a ó sanwó, a ó gbé e lọ sílé. Owó wa ni ìbéèrè yẹn ń dáàbò bò. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kò tó. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé: "Ibo ni èéfín rẹ̀ ń gbà jáde?"

Kí ló dé tí a fi ń sọ bẹ́ẹ̀? Inú èéfín igi ni eruku kan wà tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Irun imú kò lè dá a dúró. Ó ń wọlé lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, òmíràn sì ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni ikọ́ tí kì í lọ ti ń bẹ̀rẹ̀, àti èémí tó ń há mọ́ àwọn ìyá àgbà láyà, àwọn tí kò mu sìgá rí láyé wọn. Ó ń fa òtútù àyà fún ọmọdé. Ó ń fa àrùn ọkàn, àrùn rọpárọsẹ̀ àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Aboyún tó ń mí i sínú lójoojúmọ́ lè bí ọmọ tí kò wúwo tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí a mọ̀ sí OMS, ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2020, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ni ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ inú ilé pa káàkiri ayé, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì ju 237,000 lọ nínú wọn. Ta ló sì ń wà nídìí ààrò? Ìyá ni, ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn ni, àti ọmọbìnrin tó ń fẹ́ iná.

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè tí a ó gbé lọ sọ́jà náà jẹ́ mẹ́ta.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ èéfín tí a ti ń sọ bọ̀. Ààrò tó dín igi kù lè má dín èéfín kù. Àdògán amọ̀ tí a mọ yí ìkòkò ká kì í jẹ́ kí ooru ṣòfò, igi díẹ̀ á sì se oúnjẹ jinná. Ṣùgbọ́n bí kò bá ní ihò tí èéfín ń gbà bọ́ síta, inú yàrá náà ni èéfín yóò kún. Irú èyí, abẹ́ àtíbàbà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ló yẹ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ inú ilé lẹ ti ń dáná, ẹ wá èyí tó ní páìpù èéfín. Páìpù náà gbọ́dọ̀ yọ sókè kọjá òrùlé. Bí ó bá mọ sábẹ́ òrùlé, àwa náà la ó tún mí èéfín ọ̀hún. Ẹ má sì gbà á gba inú òrùlé koríko, kí a má bàa torí ikọ́ jó ilé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi igi gbígbẹ dá iná sí i lójú yín. Ẹ wo ẹnu rẹ̀: ṣé iná ló ń jó geere ni, àbí èéfín ló ń tú jáde? Bí ẹni náà bá kọ̀ láti dáná sí i, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Èkejì: ṣé ó gba ìkòkò wa? Ẹ gbé ìkòkò tí ẹ fi ń ro ọkà dání. Ẹ gbé e lé e, kí ẹ mú orógùn, kí ẹ ṣe bí ẹni ń rokà. Bí ààrò bá ń mì, ẹ fi í sílẹ̀, nítorí ọjọ́ tó bá dojú dé, ara ọmọ ni omi gbígbóná yóò dà sí. Bí ìkòkò ńlá kò bá sì jókòó lé e, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: a ó máa se ọbẹ̀ lórí tuntun, a ó máa rokà lórí òkúta mẹ́ta. Iná á di méjì, èéfín á di méjì, owó á sì ti lọ. Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá nìkan ra ààrò wálé. Ẹni tó ń dáná ni kó yàn án. Bí kò bá bá a lára mu, ẹ̀yìn ilé ni yóò wà, adìyẹ á sì fi ṣe ìtẹ́.

Ẹ̀kẹta: ta ni yóò tún un ṣe? Amọ̀ máa ń là, irin máa ń jó lu. Ẹ bèèrè bóyá ẹ lè rí amọ̀ inú rẹ̀ pààrọ̀ nítòsí, ẹ sì bèèrè bí a ṣe ń gbá ẹ̀ẹ́dú dúdú inú páìpù rẹ̀. Páìpù tó dí, inú ilé ni yóò máa da èéfín rẹ̀ padà sí.

Kò sí ààrò igi tó jẹ́ oògùn o. Lórílẹ̀-èdè Màláwì, àwọn oníwádìí fún ọ̀pọ̀ ìdílé ní ààrò tuntun tó ń jó igi dáadáa, wọ́n sì ṣọ́ àwọn ọmọ wọn fún ọdún méjì. Àwọn ọmọ náà lé ní ẹgbàárùn-ún. Nígbà tí èsì jáde ní ìparí ọdún 2016, òtútù àyà àwọn ọmọ kò dín kù ju ti àwọn ilé tó ṣì ń lo iná gbalasa. Ní Guatemala, níbi tí wọ́n ti lo ààrò onípáìpù èéfín, gáàsì olóró inú èéfín tí àwọn ọmọ ń mí sínú dín kù dé bí ìdajì, òtútù àyà tó le gan-an sì dín kù. Kí la rí kọ́? Kí èéfín jáde kúrò nílé ló ṣe pàtàkì. Àti pé bí ààrò bá dára, tí a tún ń sun pàǹtí lẹ́yìn fèrèsé, tí ẹnìkan tún ń mu sìgá nínú yàrá, èéfín kò tíì kúrò lọ́dọ̀ ọmọ. Gáàsì ìdáná mọ́ ju igi lọ dáadáa. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kó lọ síbẹ̀.

Igi náà ní ipa tirẹ̀. Igi tútù, èéfín ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ la igi yín, ẹ kó o sábẹ́ ibòòrùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tó dé. Igi tó gbẹ máa ń là lẹ́nu, èèpo rẹ̀ máa ń ṣí, bí a bá sì gbá méjì pọ̀, á dún ko-ko. Ẹ má fi ọ̀rá, rọ́bà tàbí pákó tí wọ́n kùn ní ọ̀dà dáná. Oró ni èéfín wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ ìgbà ọyẹ́. Òtútù òru lè mú kí ẹlòmíràn gbé ìkòkò èédú wọ yàrá, pàápàá níbi tí ìyá ọlọ́mọ tuntun wà, kí a ti ilẹ̀kùn pa kí ooru má bàa jáde. A ó ní kò léwu, ṣebí èédú kò rú èéfín. Ẹ̀yin ará, ewu ibẹ̀ gan-an nìyẹn! Èédú tó ń jó máa ń tú gáàsì olóró kan jáde tí kò láwọ̀, tí kò lóòórùn. Orí á máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, èébì á máa gbéni, oorun á sì gbé ẹlòmíràn lọ tí kò ní jí mọ́. Bí ẹ bá bá ènìyàn nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ẹ gbé e síta sínú afẹ́fẹ́, ẹ sì sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Inú afẹ́fẹ́ ni oró náà gbà wọlé, kì í ṣe inú oúnjẹ. Aṣọ nípọn àti ara ìyá ló yẹ kó mú ọmọ tuntun gbóná. Ẹ má gbé iná sùn.

Ẹni tí kò tíì lówó ààrò tuntun ńkọ́? Kó gbé ààrò rẹ̀ bọ́ síta nígbà tí òjò kò bá rọ̀. Kó rẹ ẹ̀wà mọ́jú kí ó tó gbé e kaná, kó dé ìkòkò, kí oúnjẹ lè tètè jinná. Kó gbé ọmọ fún ẹlòmíràn di nígbà tí ó bá ń kó iná jọ. Gbogbo èyí kò gba kọ́bọ̀.

Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, bí ẹ bá rí àwọn ààrò tí wọ́n tò sílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó, ẹ wá ibi tí èéfín ń gbà jáde. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ bèèrè. Ilé ìdáná kò ní pa ìyá, kò ní pa ọmọ. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ire o.