Ooru Tí Kì í Sinmi: Libreville àti Bátìrì Ọkọ̀ Oníná



Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìjọba ilẹ̀ Gabon kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2029, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó manganese tí a kò tíì ṣiṣẹ́ lé lórí jáde kúrò ní ilẹ̀ náà mọ́. Láti ọdún 1962 ni wọ́n ti ń wa manganese yìí ní Moanda, lápá gúúsù-ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà. Ọkọ̀ ojú irin a máa gbé e wá sí èbúté Owendo, lẹ́bàá Libreville tí í ṣe olú-ìlú, láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ òkun sì ti ń gbé e lọ sí òkè òkun. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni a fi ń ṣe irin líle. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ ń wọ inú bátìrì ọkọ̀ oníná, èyíinì ni mọ́tò tí kì í mu epo bẹntiróòlù rárá, tí ó jẹ́ pé iná mànàmáná nìkan ni oúnjẹ rẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀ kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ohun tí ìjọba Gabon ń sá fún nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí. Bí òkúta Moanda bá ti rìn yí ayé ká, tí ó di bátìrì, tí ó sì padà dé ìgboro Libreville nínú ikùn mọ́tò, ǹjẹ́ yóò lè fara da ooru ilé ara rẹ̀? Ìbéèrè yìí kan àwa náà. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba wa ti yọ ọwọ́ kúrò nínú owó ìrànwọ́ orí epo, tí jálá epo kan fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà lọ sí òkè 480 náírà láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ń bi ara wọn léèrè bóyá ọkọ̀ oníná lè gbà wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ooru tí à ń sọ. Àwọn òyìnbó a máa sọ̀rọ̀ ìgbà ooru wọn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àlejò tí ó dé tí yóò sì lọ. Ní Libreville, ooru kì í dé, nítorí pé kò lọ rí. Ìlú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé ìlà tí ó la ayé sí méjì. Oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró, ni ara máa ń tu àwọn ènìyàn díẹ̀. Òtítọ́ ni pé ooru ibẹ̀ kò le tó ti Sókótó tàbí Màídúgùrì, níbi tí ó ti máa ń ju ìwọ̀n 40 lọ nínú oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin. Ní Libreville, ìwọ̀n 30 tàbí díẹ̀ lé ni ó sábà máa ń jẹ́ ní ọ̀sán. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sí oṣù kan nínú ọdún tí bátìrì lè fi tutù kí ó sì sinmi bí ti London tàbí ti Oslo.

Kí ni ooru ń ṣe fún bátìrì? Nínú bátìrì lithium, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Sony kọ́kọ́ gbé wá sí ọjà ní ọdún 1991, èròjà lithium ni ó ń rìn lọ tí ó ń rìn bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Nígbà tí a bá ń fi iná kún un, ó lọ. Nígbà tí mọ́tò bá ń rìn, ó padà. Ṣùgbọ́n awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí ń nípọn díẹ̀díẹ̀. Bí awọ náà ti ń nípọn ni ó ń há díẹ̀ nínú lithium mọ́ra, èyí tí ó bá sì há síbẹ̀ kò ní padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ooru ni ó ń mú kí awọ yìí yára nípọn. Bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lé sí i, irú iṣẹ́ ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa yára tó ìlọ́po méjì, tàbí kí ó sún mọ́ ọn. Bátìrì tí ó kún fọ́fọ́, tí ó sì jókòó sínú ooru láìṣe iṣẹ́ kankan, ni ìyà ń jẹ jù lọ.

Àpẹẹrẹ kan wà tí gbogbo ayé rí. Ní ọdún 2012, àwọn tí ó ra mọ́tò Nissan Leaf ní Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé bátìrì wọn ń joro kí ọjọ́ tó jìnnà. Afẹ́fẹ́ lásán ni ó ń tu bátìrì mọ́tò náà lára. Kò sí omi tí ń yí i ká láti gba ooru kúrò, bẹ́ẹ̀ ni ooru Phoenix a máa kọjá ìwọ̀n 40 dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Ilé-iṣẹ́ náà ṣe ìlérí pé bí agbára bátìrì bá ti wálẹ̀ ju ìwọ̀n kan lọ láàárín ọdún márùn-ún, àwọn yóò tún un ṣe tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n sì ṣe bátìrì mìíràn tí ó lè fara da ooru jù ti ìṣáájú lọ sínú mọ́tò ti ọdún 2015. Àwọn tí ó ra mọ́tò náà rí ẹni bi, wọ́n sì rí ẹni dá wọn lóhùn. Awakọ̀ takisí ní Libreville tàbí ní Ìbàdàn tí ó ra tòkunbọ̀, ta ni yóò bi?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le gan-an nìyí. Bátìrì ni ó wọ́n jù nínú ọkọ̀ oníná. Mọ́tò tòkunbọ̀ lè máa dán bí ẹyin kí bátìrì inú rẹ̀ sì ti darúgbó. Ẹni tí ó kó gbogbo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, tàbí tí ó yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí ó fi ra irú rẹ̀, ó ra gbèsè. Nítorí náà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà fi ẹ̀rọ wo iye agbára tí ó kù nínú bátìrì. Ẹ bèèrè ìlú tí mọ́tò náà ti gbé rí àti bóyá omi ni ó ń tu bátìrì rẹ̀ lára. Ẹ gùn ún pẹ́, kí ẹ sì wo bí iná inú rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti ní tirẹ̀, ohun mẹ́rin ni kí ó máa ṣe. Èkíní, kí ó wá ibòji gbé e sí. Ilẹ̀ títì ọlọ́dà a máa gba oòrùn sára, bátìrì sì wà ní ìsàlẹ̀ mọ́tò gan-an, tí ó dojú kọ ilẹ̀ gbígbóná náà. Èkejì, kí ó má ṣe fi iná kún un tẹ́nu lójoojúmọ́. 80 nínú ọgọ́rùn-ún tó fún ìrìn àárín ìlú, kí kíkún fọ́fọ́ jẹ́ ti ọjọ́ tí ọ̀nà bá jìn. Ṣùgbọ́n bátìrì tí a fi irin àti phosphate ṣe wà, tí ó le lára jù lójú ooru, tí àwọn tí ó ṣe é sì máa ń fẹ́ kí a kún un tán lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà kí olúkúlùkù ka ìwé tí ó bá mọ́tò rẹ̀ wá. Ẹ̀kẹta, bí ó bá ti ọ̀nà jíjìn dé lójú ọ̀sán, kí ó jẹ́ kí bátìrì fẹ́ra díẹ̀ kí ó tó lo ẹ̀rọ tí ń yára fi iná kún un. Òru tàbí ìdájí ni ó dára jù. Ẹ̀kẹrin, kí ó jẹ́ kí a máa yẹ omi àti ẹ̀rọ tí ń tu bátìrì lára wò lóòrèkóòrè.

A mọ̀ pé ẹ̀rọ ìtura yìí, iná ni ó ń lò. Bí a bá so mọ́tò mọ́ iná ilé, iná ilé ni yóò lò; bí iná ilé bá lọ, inú bátìrì fúnra rẹ̀ ni yóò ti jẹ. Ní ọdún 2024 àti 2025, àwọn ará Libreville mọ ohun tí àìsí iná ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣàjèjì sí àwa náà. Nítorí náà, ẹrù yìí kọjá ohun tí a lè dá gbé ka orí ẹni tí ó ra mọ́tò nìkan.

Ní Kútọnu àti ní Lomé, àwọn ọlọ́kadà kan wà tí ń gun alùpùpù oníná ti ilé-iṣẹ́ Spiro. Bí bátìrì wọn bá kú, wọn a yà sí ibùdó, wọn a sì gba èyí tí ó kún. Ogbó bátìrì kò já lé wọn lórí. Ó yẹ kí ìjọba wa ronú sí irú ètò bẹ́ẹ̀. Ó sì yẹ kí ó pàṣẹ pé ọkọ̀ oníná tòkunbọ̀ kò gbọdọ̀ kúrò ní èbúté láìní ìwé tí ó sọ iye agbára tí ó kù nínú bátìrì rẹ̀. Kí a gbin igi sí ibùdókọ̀. Kí a kọ́ àwọn mẹkáníìkì wa ní iṣẹ́ tuntun yìí. Bátìrì tí kò sì lágbára mọ́tò mọ́, a lè lò ó nílé láti fi tọ́jú iná tí a rí gbà láti ara oòrùn, kí ìyókù agbára rẹ̀ má bàa ṣòfò.

Kì í ṣe pé a ń dẹ́rù bà yín. Bátìrì tí a bá tọ́jú kì í kú lọ́jọ́ kan. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tí ó ní ìtura dáadáa ti ń rìn fún ọdún púpọ̀ nílẹ̀ olóoru. Ní ọdún 1849 ni a kó àwọn ẹrú tí a dá sílẹ̀ tẹ̀dó sí ibi tí à ń pè ní Libreville, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Ìlú Òmìnira. Àwa náà ń wá òmìnira lọ́wọ́ epo bẹntiróòlù. Ṣùgbọ́n a kì í fi iná sórí òrùlé sùn: ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ oníná, kí ó ra ojú tí yóò máa fi ṣọ́ ọ pẹ̀lú.