Kí Ni Àlejò Yóò Rí Ní Ẹdẹ?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Alájùé, Ẹdẹ

  

Ohun tí mo fi ojú ara mi rí ni ó mú kí n yan ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ kan, mo wà ní ibùdókọ̀ nígbà tí àlejò kan àti ìyàwó rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Wọ́n bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé, "Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó wà ní ìlú yìí tí a lè lọ wò?" Ọmọ wa náà ronú díẹ̀, ó ní, "Kò sí nǹkan kan níbí, sà. Ẹ kúkú wọ ọkọ̀ Òṣogbo." Àwọn àlejò náà sì wọ ọkọ̀, wọ́n lọ. Ọmọ náà kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ni kò mọ̀, ẹ̀bi rẹ̀ sì wà lọ́rùn àwa àgbà.

Àwọn baba wa ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Onílé ni í yá àlejò ní ojú. Òṣogbo kò jìnnà sí wa, gbogbo ayé sì mọ igbó Ọ̀ṣun tí ó wà níbẹ̀, èyí tí àjọ UNESCO kọ mọ́ àwọn ohun ìní pàtàkì àgbáyé ní ọdún 2005. N kò ṣe ìlara wọn. Ṣùgbọ́n odò Ọ̀ṣun kan náà ni ó ṣàn gba ọ̀dọ̀ wa. Bí àlejò bá bá wa lo ọjọ́ kan péré, kí ni a ó fi hàn án? Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn mú un kiri.

Ààfin Tìmì ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí a sọ bí ìlú yìí ti ṣe wà fún un. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé Aláàfin Kórì ni ó rán Tìmì, ọdẹ àti tafàtafà, láti wá dá ààbò bo àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ tí ń ná ọjà Àpòmù. Òun ni a ń pè ní Àgbálé Ọlọ́fà-iná. Ìtàn mìíràn sọ pé Ṣàngó ni ó rán an, tí ó sì tún rán Gbọ́nkáà sí i lẹ́yìn. Èyí ni Dúró Ládípọ̀ fi ṣe eré Ọba Kò So ní ọdún 1963, tí wọ́n sì gbé dé Berlin ní ọdún 1964. Àlejò tí ó bá ti gbọ́ ọ̀kan yóò béèrè èkejì, ẹni tí ń mú un kiri sì gbọ́dọ̀ mọ méjèèjì.

Lẹ́yìn èyí, ìlù. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè Kìn-ín-ní, tí ó jọba láti ọdún 1946 títí di ọdún 1975, jẹ́ ọba tí ó mọ ìlù lù fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1959 ó kọ àkọsílẹ̀ nípa àwọn ìlù Yorùbá sínú ìwé ìròyìn Odù. Ẹ jẹ́ kí àlejò gbé dùndún kọ́ apá, kí onílù kọ́ ọ bí a ti í fi awọ pe orúkọ rẹ̀. Kí a sì san owó iṣẹ́ onílù fún onílù.

Bí ó bá bá ọdún pàdé, kí ó wo ọdún. Ulli Beier, tí ó gbé láàárín wa ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, kọ odidi ìwé kan nípa àwọn ọdún tí a ń ṣe ní Ẹdẹ. Ọdún 1959 ni ó jáde. Ó ṣe àpèjúwe ọdún Ọbàtálá, níbi tí a ti ń mú Ajagẹmọ ní ẹrú, tí Tìmì yóò sì san owó ìdáǹdè rẹ̀. Kí àlejò lọ sí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì wa pẹ̀lú. Tìmì Àbíbù Lágúnjú ti jẹ́ ọba Mùsùlùmí ní Ẹdẹ láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Kristẹni ni Tìmì Láoyè, síbẹ̀ kò kọ ọdún ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 2017 àwọn ọ̀mọ̀wé tẹ ìwé kan jáde nípa bí ẹlẹ́sìn mẹ́ta ti ń bá ara wọn gbé ní ìlú wa. Ohun tí ó pọ̀ lójú ayé ni èyí, bí ó tilẹ̀ kéré lójú wa.

Ẹdẹ-Ilé ńkọ́? Níbẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa kọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ògúndìran àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ walẹ̀ níbẹ̀, wọ́n rí ìkòkò tí ó jọ ti Ọ̀yọ́, ìkòkò tábà àti egungun ẹṣin. Igi osè tí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú jẹ́ igi ilẹ̀ ọ̀dàn. Àwọn tí ó ti Ọ̀yọ́ wá ni wọ́n gbìn ín. Ìwé ìtàn ni igi wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá gé wọn ti ya ojú ìwé kan dànù.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun mí jù lọ ni odò. Ìwakùsà góòlù ní apá òkè odò ti sọ omi Ọ̀ṣun di pípọ́n bí ẹrẹ̀. Ní ọdún 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ń sún mọ́ tòsí, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ kí àwọn olùsìn má mu omi náà. Odò tí a ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ di ohun tí a ń kìlọ̀ fún aboyún. Ojú wo ni a ó fi mú àlejò lọ sí etí rẹ̀?

Èmi pàápàá jẹ̀bi. Ìyá mi àgbà mọ oríkì agboolé wa láti orí dé ìdí. Ní ọdọọdún ni mo ń sọ pé n ó kọ ọ́ sílẹ̀, ọdọọdún ni mo sì ń padà lọ sí ẹnu iṣẹ́. Ọjọ́ tí a sin ín, onílù kì wá, n kò sì mọ ohun tí mo lè fi dáhùn.

Nítorí náà, mo bẹ ẹgbẹ́ wa fún ohun mẹ́ta. Èkíní, kí a yan àwọn ọ̀dọ́ tí yóò lọ jókòó ti àwọn àgbà agboolé, kí wọ́n gba ìtàn wọn sílẹ̀, kí àwọn náà sì di ẹni tí ń mú àlejò kiri. Èkejì, kí a bẹ ààfin àti ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n dáàbò bo Ẹdẹ-Ilé àti igi osè rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ohùn Ẹdẹ dún lórí omi Ọ̀ṣun, pẹ̀lú ti gbogbo ìlú tí odò náà gbà kọjá.

Bí a bá ṣe èyí, bí àlejò bá tún sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ wa, tí ó béèrè ohun tí ó wà níbí, ọmọ wa yóò dáhùn pé, "Ẹ gbé ẹrù yín kalẹ̀, sà. Ilẹ̀ á ṣú kí a tó wò ó tán."

Kí Ọlọ́run kí ó bùkún Ẹdẹ, kí ó sì jẹ́ kí a ṣe àmọ́dún.