Oyin Inú Àpáta: Ọ̀rọ̀ Lórí Orin Ẹnu Àwọn Obìnrin

Ọ̀rọ̀ wa dá lórí orin tí àwọn obìnrin ń fi ẹnu nìkan kọ, láìsí ìlù, láìsí dùrù.

Ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní gúúsù Amẹ́ríkà, ni a ti bí Bernice Johnson Reagon ní 1942. Oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá rẹ̀. Nígbà èwe rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wọn kò ní dùrù. Ohùn, àtẹ́wọ́ àti ẹsẹ̀ tí wọ́n ń fi kilẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé orin ró. Ní 1961, nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Albany dìde láti bèèrè ẹ̀tọ́ wọn, irú orin ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ lójú pópó àti nínú ẹ̀wọ̀n. Bernice wà lára àwọn tí a tì mọ́lé.

Ní 1973, ní ìlú Washington, ó dá ẹgbẹ́ olórin obìnrin kan sílẹ̀, ó sì pè é ní Sweet Honey in the Rock, èyí ni oyin inú àpáta tí Orin Dáfídì 81 sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohùn ni ohun èlò wọn, àfi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti irú rẹ̀ tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú àwo orin tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé ní 1989, wọ́n kọ “Iṣẹ́ Olúwa,” orin èdè Yorùbá wa. Èdè tí àwọn ọmọ wa mìíràn ń tijú láti sọ ni àwọn ará òkè òkun fi ń kọ́ ọmọ tiwọn lórin! Reagon fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 2004, ó sì dolóògbé ní 2024, síbẹ̀ orin kò dákẹ́, nítorí ó ti fi lé àwọn mìíràn lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní, orin ní í ṣáájú ọ̀tẹ̀. Nítòsí wa, ní Abẹ́òkúta, orin wà lára ohun ìjà tí àwọn obìnrin tí Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe aṣáájú wọn fi kojú owó orí ní 1947. Ní 1949, Aláké Adémọ́lá ní láti fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ títí di òpin 1950. Ní ilẹ̀ Yewa tiwa, ta ni kò mọ orin arẹmọlẹ́kún, orin inú àlọ́ tí gbogbo ilé ń gbè, àti ègbè tí àwọn ìyá ń gbè fún Ẹ̀fẹ̀ lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́?

Ṣùgbọ́n ẹnu ni ilé irú orin bẹ́ẹ̀. Bí ìyá àgbà kan bá lọ, ó kó tirẹ̀ lọ. Àwa olùkọ́ ń rí i ní kíláàsì: ọmọ mọ orin rédíò, ṣùgbọ́n bí a bá dá orin àlọ́, kò mọ ègbè rẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa ń dáwó fún ọ̀nà àti omi, ó dára. Èyí tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ní ná wa lówó púpọ̀. Ní àkókò ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, kí ìyá àgbà láti agbo ilé kọ̀ọ̀kan wá kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa lórin. Kí wọ́n kọ́ dídá àti gbígbè. Kí a kọ ọ̀rọ̀ orin náà sínú ìwé, kí a sì kọ orúkọ ẹni tí ó kọ́ wọn sí i. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí a bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ìyá wa ṣì ní ohùn lẹ́nu.

Ìdógò á gbòòrò o.