Ewé, Àgbo àti Àtọ̀gbẹ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín: ta ni nínú wa tí kò tíì mu omi ewúro rí nítorí ìtọ̀ ṣúgà? Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti mu ún. Ẹni tó bá dé ọjà Akẹ̀sán tó ní òun ní àtọ̀gbẹ, kò ní kúrò níbẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Wọn á di ewúro fún un, wọn á fi ejìnrìn kún un.

Mi ò wá bú ewé. Metformin tí dókítà sábà máa ń kọ́kọ́ kọ fún àgbàlagbà tó ní àtọ̀gbẹ, ara ewéko ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù ń lo ewéko kan tó ń jẹ́ galega láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n oró wà nínú rẹ̀, ó máa ń pa àgùntàn. Àwọn onímọ̀ wá ṣe èyí tó jọ èròjà inú rẹ̀ tí kò ní oró bẹ́ẹ̀. Ọdún 1957 ni dókítà Faransé kan, Jean Sterne, kọ ọ́ síta pé ó ṣiṣẹ́ lára aláìsàn.

Tiwa náà wà níbẹ̀. Asofẹ́yẹjẹ tí àwọn baba wa fi ń wo wèrè, òun àti irú ọsàn kíkan kan, ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Copenhagen ní Denmark sè bíi tíì. Ọ̀dọ̀ onísègùn ilẹ̀ Nàìjíríà ni ìmọ̀ náà ti wá. Ní ọdún 2009 wọ́n ròyìn pé àwọn dán an wò lára alátọ̀gbẹ 23. Ṣúgà kò wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ara wọn ń gba ṣúgà dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ènìyàn 23 kéré o. Dókítà ń ṣọ́ wọn, wọ́n sì mọ ìwọ̀n tí wọ́n ń mu. Asofẹ́yẹjẹ yìí kan náà máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ẹni tó bá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tó tún wá ń mu ún, ó lè dákú.

Bàbá kan wà láàárín wa. Ó gbọ́ nípa àgbo, ó dá oògùn ilé ìwòsàn dúró. Egbò kékeré yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò dùn ún, kò sì kà á sí. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún. Ọjọ́ ìsinmi gbogbo ni mò ń gbàdúrà fún un, mi ò bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá ó ṣì ń lo oògùn rẹ̀. Nígbà tí mo wá bi í, ó ní, “Pásítọ̀, owó rẹ̀ ni mi ò ní mọ́.”

Òótọ́ ló sọ. Ní 2023, GSK àti Sanofi kéde pé àwọn kò ní máa ta oògùn fúnra wọn ní Nàìjíríà mọ́, iye owó oògùn sì fò sókè. Àgbo inú ike rọ̀ wá lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ara ike náà, kódà èyí tó ní nọ́ńbà NAFDAC. (Iṣẹ́ ìjọba ti kọ́ mi láti máa ka lẹ́tà wẹ́wẹ́.) Ó wà níbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò wò.

Nítorí náà, ní Sátidé tó ń bọ̀, nọ́ọ̀sì wa yóò gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ṣúgà wá sí ilé ìjọsìn. Ẹ má jẹun àárọ̀ kí ẹ tó wá, àyàfi ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin. Ẹ mú káàdì ilé ìwòsàn yín dání, àti ìgò àgbo náà. Kò sẹ́ni tí yóò bá yín wí. Ẹni tí owó oògùn bá ti wọ̀ lọ́rùn, kó rí mi lẹ́yìn ìsìn, a ti ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀.