Ẹ Pín Orúkọ Oògùn Sí Sílébù

Bí orúkọ oògùn bá gùn, ẹ pín in sí sílébù. A kì í gbé odindi iṣu mì. A máa ń gé e ni.

Ẹ jẹ́ ká mú lumefantrine, tó wà nínú oògùn ibà tí ọ̀pọ̀ wa ń lò. Ẹ tẹ̀ lé mi: Lù. Mẹ. Fán. Trìn. Ẹ tún un pè: lù, mẹ, fán, trìn. Orí fán ni ohùn ti ga jù. Trìn ló le, torí Yorùbá kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì pọ̀ nínú sílébù kan. Ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀.

Bí a bá ṣi orúkọ pè, wọ́n lè ta oògùn mìíràn fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pín in sí sílébù kí ẹ tó dé kẹ́míìsì.