Ta Ni Kí A Fa Àwọn Ọmọ Wa Lé Lọ́wọ́ Lórí Pápá?

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a jọ ṣe ogún ọdún.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé lé wa lọ́wọ́ ni èyí: ṣé ọjọ́ orí àti ìrírí ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní eré ìdárayá? Ó bá ẹgbẹ́ wa mu, nítorí ọjọ́ orí ló so wá pọ̀. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n bí wa ní sáà kan náà, ọ̀pọ̀ wa kì bá tí mọ ara wa. Ṣùgbọ́n gbogbo yín mọ ohun tó bí ìbéèrè náà. Ẹgbẹ́ wa ti pinnu láti máa ran bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ àdúgbò lọ́wọ́, a sì ti ṣe ìpàdé méjì lórí ẹni tí yóò jẹ́ kóòṣì wọn, a ò tíì fẹnu kò.

Apá kan nínú wa ní àgbàlagbà ni kí a mú, ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí. Wọ́n ní ọmọdé kì í bẹ̀rù ẹni tí kò ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Apá kejì ní ọ̀dọ́ ni kí a mú, ẹni tó lè bá wọn sáré, tó sì mọ ohun tó ń lọ lóde òní. Tọ̀tún tòsì ló ní ohun tó ń rí. Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tó ti ṣẹlẹ̀ wọn ọ̀rọ̀ náà.

Nàìjíríà ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti àwọn ọ̀dọ́mọdé nígbà márùn-ún: ní 1985, 1993, 2007, 2013 àti 2015. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó gbà á tó bẹ́ẹ̀. Sebastian Brodrick-Imasuen ló kó àwọn ọmọ lọ sí Ṣáínà ní 1985, tí wọ́n na Ìwọ̀-oòrùn Jámánì ní 2-0. Fanny Amun kò tíì pé ẹni ogójì ọdún nígbà tó kó Wilson Oruma, Kanu àti Celestine Babayaro lọ sí Jàpáànù ní 1993, tí wọ́n na Gánà ní 2-1. Yemi Tella ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà tó gba ti 2007 ní Kòríà. Olùkọ́ ni ní National Institute for Sports níhìn-ín ní Èkó. Àìsàn jẹjẹrẹ ń bá a jà nígbà náà, kò sì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lẹ́yìn tí wọ́n fi pẹ́nárítì borí Sípéènì tó fi papò dà. Manu Garba gba ti 2013. Emmanuel Amuneke, ẹni ọdún 44, gba ti 2015 ní Ṣílè, níbi tí Victor Osimhen, ọmọ tó dàgbà sí Olúsòsún, ti gbá góòlù mẹ́wàá wọlé.

Ọ̀dọ́ gbà á, àgbà náà gbà á. Ọjọ́ orí kóòṣì nìkan kò lè sọ fún wa ẹni tó máa ṣe é.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ọ̀pọ̀ kì í wò. Nígbà tí Manu Garba gba ife ní 2013, Amuneke àti Nduka Ugbade wà lára àwọn igbákejì rẹ̀. Ugbade ni balógun ẹgbẹ́ tó gba ife ní 1985. Amuneke sì ni ẹni tó gbá góòlù méjèèjì tí a fi gba ife Áfíríkà ní 1994, òun náà ló gbá góòlù tí a fi na Ajẹntínà ní Òlíńpíìkì 1996. Orúkọ wo ló tún kù tí ó ń wá? Síbẹ̀ ó gbà láti jókòó ti ẹlòmíràn, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lò. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ di ọ̀gá, ife sì tún wọlé. Ó hàn sí wa pé ìrírí gbígbá bọ́ọ̀lù ọ̀tọ̀, ìrírí kíkọ́ ọmọ ọ̀tọ̀. Ẹni tó ní èkíní ṣì ní láti lọ kọ́ èkejì lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín.

A kò ní láti rìn jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ mìíràn. Ní ìparí ọdún 2021, Tunde Onakoya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú Chess in Slums Africa wá sí abẹ́ afárá Oṣòdì, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń sùn níbẹ̀ ní chess. Ọdún 1994 ni wọ́n bí Onakoya. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ abẹ́ afárá náà borí nínú ìdíje tí wọ́n ṣe fún wọn. Àwa tí a máa ń di àpò mú tí a bá ń kọjá níbẹ̀, ẹnu yà wá. Ọ̀dọ́ ni olùkọ́ yìí, àmọ́ kì í ṣe àkọ́ṣe. Láti 2018 ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìkòròdú kó tó dé Oṣòdì, ó sì mọ bí a ṣe ń bá ọmọ tí kò gbẹ́kẹ̀ lé àgbàlagbà kankan sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ìrírí ṣe pàtàkì ju ọjọ́ orí lọ. Ṣùgbọ́n ìrírí náà máa ń gbó. Ẹni tó mọ Oṣòdì bí ẹni mọ yàrá rẹ̀ ní 1990, tó wá lọ sí òkè òkun, tí kò padà wá títí wọ́n fi ṣí ibùdókọ̀ ńlá yẹn ní 2019, á béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ náà ni lórí pápá. Nígbà tiwa, ọmọ tó bá ní òun fẹ́ mu omi nígbà ìdánrawò, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Lónìí, gbogbo ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà mọ̀ pé omi ni kí ọmọ máa mu lemọ́lemọ́ nínú oòrùn. Nígbà tiwa, kóòṣì a ju bọ́ọ̀lù sókè kí ọmọ ọdún mẹ́jọ máa fi orí kàn án. Ní 2015, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní kí ọmọ tí kò tó ọdún 11 má fi orí kan bọ́ọ̀lù mọ́. Ní 2020, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà yọ ọ́ kúrò nínú ìdánrawò àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó wúwo jù nìyí. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, Sam Okwaraji, ọmọ ọdún 25, ṣubú lórí pápá ní Sùúrùlérè nígbà tí a ń bá Àǹgólà gbá, kò sì dìde mọ́. Ọkàn rẹ̀ ló ní àìsàn. Tí ọmọ kan bá ṣubú bẹ́ẹ̀ ní pápá wa, tí kò mí mọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni kóòṣì ní. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà gbọingbọin, bí 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ẹlòmíràn sì máa pe 112. Ewú orí kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, eré sísá náà kò lè ṣe é. Ẹni tó bá kọ́ ọ ló lè ṣe é.

Ṣé ọjọ́ orí kò wá wúlò rárá ni? Ó wúlò. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Ọmọ tí wọ́n yọ kúrò nínú ẹgbẹ́, bàbá tó ń pariwo lẹ́bàá pápá, ẹni tó wá sọ pé òun á mú ọmọ lọ sí Yúróòpù tí a bá lè rí owó díẹ̀: ẹni tó ti rí irú rẹ̀ rí ló ń mọ ohun tí a ń sọ. Àgbà ló sì yẹ kó lè sọ pé rárá nígbà tí wọ́n bá ní kí wọ́n dín ọjọ́ orí ọmọ kù. Láti 2009 ni FIFA ti ń fi ẹ̀rọ MRI wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn tó ń gbá ife ọmọ tí kò ju ọdún 17 lọ. Ẹni tó bá kọ́ ọmọ ní irọ́ kí ó tó kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù, ohun tó kọ́kọ́ kọ́ ọ ló máa bá a dàgbà.

Àbá wa nìyí fún ẹgbẹ́. Kí a má ṣe yan ọ̀kan, kí a mú méjèèjì. Kí ọ̀dọ́ máa darí ìdánrawò, kí àgbà máa mójú tó ìwà, ilé-ìwé àti àwọn òbí. Kí àwọn méjèèjì lọ kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì kí wọ́n tó fẹ fèrè kankan. Kí kóòṣì kankan, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún 24 tàbí ẹni ọdún 64, má ṣe dá wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo níbi tí ẹlòmíràn kò ti lè rí wọn. Kí a wò wọ́n fún sáà kan, kí a sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ pàápàá bí wọ́n ṣe rí i. Kí a san owó fún wọn pẹ̀lú, torí ẹni tí ebi ń pa lórí pápá á máa wá oúnjẹ lára àwọn òbí.

Àwọn kan á ní owó kóòṣì méjì pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo iye tí a ná sórí aṣọ ẹgbẹ́ lọ́dún yìí, kí a tó sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń gbá mọ́ńkí póòsì láàárín títì ní Máfolúkù àti Ṣógúnlé, tí wọ́n ń sá fún ọkọ̀, ọmọ wa ni wọ́n.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Pápá tiwa kò tó Ifẹ̀, ẹni méjì péré ló máa dá a. Ìpàdé kẹta ń bọ̀ lẹ́yìn àjọ̀dún yìí. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ibẹ̀ ni a ti máa fẹnu kò.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú.